Olóríkunkun Inú Ìgò

Ajé, 3 oṣù kẹta

Ọ̀gá pè mí wọ ọ́fíìsì lónìí. Kò ní kí n jókòó. Ó na ìgò kékeré kan sí mi, ó ní ti ẹ̀gbọ́n mi ni, pé inú fíríìjì ni wọ́n ti rí i nígbà tí wọ́n ń kó ẹrù rẹ̀ kúrò lórí tábìlì. Bí mo bá lè rí nǹkan ṣe sí i kí oṣù tó parí, kí n ṣe é. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi tábìlì náà fún ẹlòmíràn. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú. Ẹ̀gbọ́n mi ò kú o. Ó wà ní ọsibítù. Kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì ló ti ṣíwọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ó wà, ó ń jẹun díẹ̀díẹ̀, ó ń bá nọ́ọ̀sì jà.

Mo mọ ohun tó wà nínú ìgò yẹn kí n tó gbé e sókè wò. Olóríkunkun ni. Orúkọ tí ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn. Omi pupa rúsúrúsú, ó ki bí oyin, kò ju ìdajì ṣíbí kékeré lọ. Gbogbo èèpo igi tí Aláwẹ̀mọ́ bó, tó gún, tó rẹ, tó sẹ́ fún odidi ọdún mọ́kànlá, òun ló kù yìí. (Aláwẹ̀mọ́ ni mo ń pe ẹ̀gbọ́n mi nínú ìwé yìí, láti ọdún tó ti mú mi wọ láàbù tó kọ́ mi níṣẹ́. Kò sí nǹkan tí kì í fọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lè fọ ọṣẹ.) Igi náà ò sí mọ́, wọ́n gé e lulẹ̀ nígbà tí wọ́n ń la títì. Ó wá irú rẹ̀ lọ síbòmíràn, ó bó èèpo tiwọn náà, kò bá nǹkan kan nínú wọn. Ìdajì ṣíbí ló kù láyé.

Ohun tó sì ń wá kò pọ̀. Pé kó dì. Nǹkan tó bá mọ́ tán máa ń dì, á di hóró tó ń dán, a ó sì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé nǹkan kan ṣoṣo nìyí, kì í ṣe àdàlù. Èyí ò dì rí. Bí kò bá sì dì, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò á ní ẹrẹ̀ ló ń rò. Ọdún mọ́kànlá lórí ẹrẹ̀.

Mo fẹ́ kó dì kí ẹ̀gbọ́n mi tó lọ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí — kó tó lọ. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ẹnu mi ò tíì lè sọ ọ́.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù kẹta

Mi ò ráyè dé ọsibítù. Iṣẹ́ pọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 6 oṣù kẹta

Mo lọ. Wọ́ọ̀dù oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́fà, tirẹ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ti rù. Ọwọ́ tó máa ń gbé ìgò ńlá bí ẹni gbé ife, iṣan nìkan ló kù níbẹ̀. Ẹ̀rọ kan dúró tì í, ó ń fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jáde, ó ń sẹ́ ẹ, ó ń dá a padà. Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí i, ó ní, "Oníkánjú, wò ó o. Èmi tí mo ti ń sẹ́ nǹkan láti ọjọ́ yìí, èmi náà ni wọ́n wá ń sẹ́." Ó ní ẹ̀rọ náà ò tilẹ̀ mọ iṣẹ́, pé ó yẹ kó fọ òun lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ògiri, ó nu ojú.

(Ìyàwó rẹ̀ ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, bí ọmọ ilé ṣe ń pe ìyàwó ilé. Òun náà kì í pe orúkọ mi. Opẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ń pè mí láti ọjọ́ tó ti wọlé, ìgbà yẹn mo tẹ́ẹ́rẹ́. Báyìí tí mo ti di odidi àgbá, Opẹ́lẹ́ńgẹ́ náà ni.)

Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé Olóríkunkun ti dé ọwọ́ mi. Ojú rẹ̀ là gedegbe. Ó ní kí n sún mọ́ òun. Ó ní kí n fi í sínú páìpù gíláàsì, kí n jẹ́ kó máa sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó bá jáde, kí n gbà á sínú ìgò kéékèèké, kí n má da ọ̀kankan nù — ọ̀kankan, ṣé mo gbọ́? Ohun tí mo pè ní ìdọ̀tí lónìí lè jẹ́ òun gan-an ni mò ń wá. Gbogbo omi tí mo bá fẹ́ dà sínú páìpù, kí n sè é, kí n gba ìrì oru rẹ̀ sínú ìgò míràn, ì báà jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ìtajà dé. Ọjà tuntun náà ní ìdọ̀tí tirẹ̀. Tó bá wá kan dídì, kí n fi í sílẹ̀. Kí n má mì í. Kí n má wò ó. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní láti kékeré ni mo ti ń gbọ́, pé etí mi ló ń gbọ́, ọwọ́ mi ò gbọ́ rí.

Ó fẹ́ kí n jókòó pẹ́ díẹ̀. Mo ní mo fẹ́ lọ di páìpù kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àìkú, 9 oṣù kẹta

Páìpù náà gùn tó apá mi. Mo di ìyẹ̀fun funfun sínú rẹ̀, mo rọra ń gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà là, mo fi Olóríkunkun lé e lórí, mo wá ń da omi tẹ̀ lé e. Ó dára láti wò. Ohun tó jẹ́ àwọ̀ kan ṣoṣo lókè bẹ̀rẹ̀ sí í pín bó ti ń sọ̀kalẹ̀. Òrùka ofeefee kan ṣáájú. Pupa tẹ̀ lé e. Èyí tó dúdú kọ̀, ó jókòó sókè bí àlejò tí kò fẹ́ lọ sílé. Láàárín wọn, níbi tí ojú ò ti rí àwọ̀ kankan, ibẹ̀ ni mo rò pé òun wà.

Ìyàwó mi pè. Ó ní, "Opẹ́lẹ́ńgẹ́, ó ń béèrè yín." Mo ní kó bá mi kí i, pé páìpù ń lọ lọ́wọ́, a kì í fi í sílẹ̀ kó gbẹ. Òótọ́ sì ni. Bó bá gbẹ, á là, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́rú, 12 oṣù kẹta

Ìyàwó mi tún pè láàárọ̀. Ohùn rẹ̀ ti yàtọ̀. Dókítà ní kí àwọn ará ilé máa mú ọkàn le. Kò dá ọjọ́ kankan. Mo jókòó sórí àpótí nínú láàbù, mo fi ọwọ́ sábẹ́ itan.

Ẹ́tà ni páìpù ń mu báyìí — omi olóòórùn líle yẹn, tó jẹ́ pé bí a bá ṣí ìdérí rẹ̀ báyìí, ó ti ń fẹ́ lọ. Èyí tí mo sè ti tán. Láti sè òmíràn, odidi ọjọ́ kan lọ. Ìgò tuntun wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, a ò tíì ṣí i, wọ́n kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ojúlówó ni. Mo ṣí i. Mo dà á sí i. Mo ṣí òmíràn. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ìgò lé ìgò. Mo gba ohun tó ń jáde, mo jẹ́ kí ẹ́tà fẹ́ lọ kúrò lórí rẹ̀, mo tún gba òmíràn. Aláwẹ̀mọ́ ò sí níbẹ̀ láti fi ojú bá mi wí. Ọjọ́ ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ta ló fẹ́ máa se omi?

Ẹtì, 14 oṣù kẹta

Ó dì. Ó dì. Ó dì!

Lánàá ni mo yọ́ ìwọ̀nba tó jáde nínú ọtí gbígbóná, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, títí tó fi yọ́ tán, mi ò sì fi ẹyọ ẹ̀kán kan lé e. Mo fi ọ̀pá gíláàsì ha inú ìgò kí ó lè ríbi dì mú. Mo bò ó. Mo fi í sílẹ̀. Mi ò wò ó. (Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì.) Láàárọ̀ yìí, àwọn abẹ́rẹ́ funfun ti hù láti ẹ̀gbẹ́ ìgò wá sí àárín, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n gùn, wọ́n ń tàn yinrin. Olójú-awò, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe wúwo tó, sáré wá. Ó ní "Yéè!" Ó ní kí n fún òun ní díẹ̀ kí òun fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Mo ní kó ṣe sùúrù, ẹni tó ni í ló máa kọ́kọ́ rí i.

Mo sunkún ní gbangba láàárín láàbù. Kò tì mí lójú rárá.

Àbámẹ́ta, 15 oṣù kẹta

Mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ bá a nínú ìgò tí kò tó ìka. Ó gbà á, ó gbé e sójú fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi tí àwọn abẹ́rẹ́ náà fi ń jó nínú ìgò. Mo ti mọ ẹ̀gbọ́n mi láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, mi ò rí omi lójú rẹ̀ rí àfi ọjọ́ tí a sin Màmá, àti òní. Ó pe Ìyàwó mi, ó ní, "Wò ó. Ohun tí mò ń fi ọ́ sílẹ̀ nílé lọ bá nìyí." Ìyàwó mi fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ní, "Orogún mi nìyí? Ó rẹwà o. Àmọ́ ó mà kéré." Gbogbo wọ́ọ̀dù rẹ́rìn-ín, àwọn tí kò mọ ohun tí à ń sọ pàápàá.

Bí ẹ̀rín ṣe ń rọlẹ̀ ló béèrè. Ní ìwọ̀n ooru wo ló yọ́? Mo ní mi ò tíì yọ́ ọ. Ó di ojú. Ó ní, "Oníkánjú. O gbé ìyàwó wálé, o ò béèrè orúkọ bàbá rẹ̀." Ó ní kí n lọ yọ́ ọ, kí n wá sọ fún òun. Kí n fi ìgò yìí sílẹ̀, pé ó máa bá òun sùn.

Ajé, 17 oṣù kẹta

Mo yọ́ ọ. Hóró bíńtín nínú ọ̀pá gíláàsì tó tín-ín-rín, tẹmómítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, iná wẹ́rẹ́ lábẹ́. Mo ń wò ó, mi ò mí. Ní àádọ́rin gééré, gbogbo rẹ̀ yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nǹkan tó bá dọ̀tí máa ń tètè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́, á máa fà á bí ẹni tí ara ń ro. Èyí ò fà á. Ó mọ́!

Mo fún Olójú-awò ní tirẹ̀.

Inú mi dùn débi pé mo palẹ̀ tábìlì mọ́. Mo tú páìpù, mo fọ gbogbo ìgò, mo da àwọn omi pupa tó ṣẹ́kù sínú àgbá ìdọ̀tí. Ibi gbogbo ń dán. Mò ń kọrin, Ọ̀gá kọjá, ó wò mí, ó ń lọ.

Ìṣẹ́gun, 18 oṣù kẹta

Mo sáré dé ọsibítù láti lọ sọ ọ́. Wọ́n ti fún un ní abẹ́rẹ́, ó ń sùn. Mi ò lè dúró kó jí. Mo sọ fún Ìyàwó mi kó sọ fún un pé ó mọ́.

Ọjọ́rú, 19 oṣù kẹta

Olójú-awò wá síbi tábìlì mi. Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ń nù ún. Ẹni tó bá ń nu awò tí kò dọ̀tí, ó ní ohun tí kò fẹ́ sọ. Ó ní ìwọ̀n tí ẹ̀rọ òun gbé jáde, òun mọ̀ ọ́n. Òun ti rí i lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ sè ẹ́tà yẹn?"

Mo yíjú wo kọ́bọ́ọ̀dù.

Oògùn inú ẹ́tà ló dì yẹn. Àwọn tó ń ta ẹ́tà máa ń fi oògùn kan sínú rẹ̀ kó má baà di ohun tó ń bú gbàù. Bíńtín ni, ojú ò lè rí i. Ṣùgbọ́n ìgò lé ìgò ni mo dà. Ẹ́tà fẹ́ lọ, oògùn ò fẹ́ lọ. Ó kó jọ, ó dì, mo gbé e lọ bá ẹni tó ń kú lọ, ó fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí.

Ọjọ́bọ̀, 20 oṣù kẹta

Mo kọ́kọ́ kọ̀. Mo ní ẹ̀rọ lè ṣìnà. Mo wá oògùn yẹn kàn nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ìgò rẹ̀ kan ti wà níbẹ̀ tipẹ́, mo bù ú, mo pò ó mọ́ tiwa, mo yọ́ àpòpọ̀ náà. Bí nǹkan méjì bá yàtọ̀, tí a pò wọ́n, wọ́n á bàjẹ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́, wọ́n á yọ́ kí wọ́n tó dé ìwọ̀n wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìwọ̀n ò ní yẹ̀. Aláwẹ̀mọ́ ló kọ́ mi. Mo ń gbàdúrà kó yẹ̀. Mi ò gbàdúrà báyìí fún ara mi rí.

Àádọ́rin. Kò yẹ̀ rárá.

Ìgbà yẹn ni mo tó rántí àwọn omi pupa. Olóríkunkun gan-an wà nínú wọn, kò kúrò níbẹ̀ rí. Mo sáré jáde sí ẹ̀yìn ilé, bàtà mi kan bọ́ sílẹ̀, mi ò padà mú un. Ojú ibi tí àgbá ìdọ̀tí wà ti ṣófo, òrùka ọ̀rá ló kù nílẹ̀. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní ọkọ̀ ti kó wọn lánàá, pé ibi tí wọ́n ti ń sun wọ́n ni wọ́n ń kó wọn lọ tààrà. Ó béèrè pé kí ló sọnù. Mo ní kò sí.

Ẹtì, 21 oṣù kẹta

Mo pinnu lójú ọ̀nà pé gbogbo rẹ̀ ni n ó sọ. Mo débẹ̀, ó ti jókòó, ó ń retí. Ó ní, "Mélòó?" Mo ní àádọ́rin.

Ó wo ìgò, ó wò mí. Ó ní, "O ò sè ẹ́tà." Kì í ṣe ìbéèrè. Mo bú sẹ́kún. Ohun tí mi ò retí ni pé ó rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi wúkọ́, nọ́ọ̀sì kan wá bá wa wí. Ó ní oògùn yẹn ti mú òun náà rí, nígbà tí òun ṣì wà lọ́dọ̀ọ́, òun tilẹ̀ ti wá orúkọ fún un kí wọ́n tó là òun lójú. Ó ní oníṣẹ́ wa tí kò bá tíì bọ́ sínú kòtò yẹn rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò nílé.

Ó nu ojú. Ó ní kò burú, pé inú àwọn omi tó kù ló ṣì wà nìyẹn, kí n tún páìpù dì. Ó ní, "Àwọn omi pupa yẹn, ṣé o kó wọn—"

Mo ní wọ́n wà.

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mi ò rán an. Mo ti jẹ́wọ́ èyí tó kéré, mo wá gbé èyí tó tóbi mì.

Àbámẹ́ta, 22 oṣù kẹta

Mo padà lọ. Mi ò lè jókòó sílé. Ó ní báwo ni páìpù. Mo ní mo ti dì í, òrùka ofeefee ti ń jáde. Ó ní ṣé ofeefee náà mọ́ tàbí ó rú? Mo ní ó mọ́. Ó mi orí. Ó ní kí n jókòó, kí n sọ bó ṣe ń lọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyàwó mi sin mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní látàárọ̀ ni ọkọ òun ò ti jẹun, àfi ìgbà tí mo dé.

Àìkú, 23 oṣù kẹta

Mo tún lọ. A ò tilẹ̀ sọ̀rọ̀ páìpù pẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti Màmá, bó ṣe máa ń fi álọ́ọ̀mù sínú dúrọ́ọ̀mù omi ẹlẹ́rẹ̀, tí ẹrẹ̀ á lọ sísàlẹ̀, tí omi á mọ́ lókè. Ó ní ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti mú òun. Mo ní ibẹ̀ kọ́ ni ìgbẹ́ ọ̀rìn ti mú yín? Nítorí ó bu omi náà mu nígbà tí kò tíì silẹ̀ tán, ó ń bá Màmá jiyàn pé ó ti mọ́, ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi kúrò nílé ìgbẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ó ní nítorí náà òun náà ti jẹ́ oníkánjú rí. Mi ò rántí ìgbà tí a jókòó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Nínú láàbù, a máa ń kọ ẹ̀yìn síra wa ni.

Ìṣẹ́gun, 25 oṣù kẹta

Tábìlì mi mọ́ tónítóní. Kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Láàárọ̀, mo ń jókòó síwájú rẹ̀, mo ń ro ohun tí n ó sọ fún un lọ́sàn-án. Mo lọ ṣí ìwé tí mo fi kọ́ṣẹ́, mo ń wo bí nǹkan ṣe yẹ kó lọ, mo ń há a sórí. Olójú-awò wò mí, ó bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé mo ti kó àárín rẹ̀ jáde, mo ti yọ́ ọ nínú ọtí. Ó ní ṣé kò ṣe mí ní wàhálà? Mo ní rárá. Ó ní, "Ó ti wá ń gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu." Ó ń wò mí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo ilẹ̀. Irọ́ ń bímọ nínú mi, ọmọ ń bí ọmọ.

Ọjọ́rú, 26 oṣù kẹta

Lónìí mo ní ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀ bí omi ìrẹsì. Ọlọ́run jọ̀ọ́.

Ẹtì, 28 oṣù kẹta

Mo ní lónìí n ó sọ. Mo ti tún ọ̀rọ̀ náà tò láti ilé. Mo débẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ti tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ láti àárọ̀. Ó na ọwọ́, ó di ọrùn ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, ó gbóná. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ kan wà—" Ó ní, "Ìwọ sọ ibi tó dé lónìí." Mo sọ ibi tó dé. Ó ní, "Ọ̀la ńkọ́? Ṣé wàá wá?" Mo ní n ó wá. Kò fi ọwọ́ mi sílẹ̀ títí oorun fi gbé e. Mo jókòó síbẹ̀ títí wọ́n fi lé àwọn àlejò jáde.

Àìkú, 30 oṣù kẹta

Kò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Wọ́n ti yọ ẹ̀rọ kúrò, wọ́n ní ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Mo sọ tòní fún un láìjẹ́ pé ó béèrè. Mo ní ó ti ku díẹ̀. Ó gbé ìka kan sókè, ó sọ ọ́ kalẹ̀. Mo fi òwú tútù nu ètè rẹ̀. Ó ṣe mí bíi kí n gbá ara mi létí.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi kú láàárọ̀ yìí.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù kẹrin

A sin ín lánàá. Òjò ò rọ̀. Oòrùn ràn bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ọ̀gá wá, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní mo ṣe gudugudu méje. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Àìkú, 6 oṣù kẹrin

Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò lè gbé e mọ́. Ìyàwó mi ń ká aṣọ ọkọ rẹ̀ sínú àpótí. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo ní mo ní ọ̀rọ̀ kan, mo sì sọ ọ́ — àgbá ìdọ̀tí, tábìlì tó ṣófo, ìwé tí mò ń há sórí láàárọ̀, gbogbo rẹ̀. Mo ní, "Irọ́ ni mo ń pa fún un títí tó fi kú."

Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán kó tó dáhùn. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ọkọ òun náà mọ̀, láti ọjọ́ kejì tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ òun ní kò sí iṣẹ́ gidi tó máa ń lọ bó ṣe ń lọ lẹ́nu mi. Ọdún mọ́kànlá ni nǹkan yẹn fi bá òun jà, kò lè jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló sọ ara rẹ̀ di ọmọ gidi. Ó ní Oníkánjú ti dà á nù.

Mo béèrè bóyá ó dùn ún. Mo fẹ́ kó ní rárá. Ó ní, "Opẹ́lẹ́ńgẹ́, mi ò ní tàn yín. Ó sunkún. Nígbà tí ẹ lọ tán ní ọjọ́ kejì yẹn, ó kọjú sí ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó ṣe, ó ní kí n bá òun gbé ìrọ̀rí sókè lọ́la kí agogo àwọn àlejò tó lù, pé ẹ̀ ń bọ̀."

Ó ní òun bẹ̀ ẹ́ kó sọ fún mi pé òun ti mọ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní bí òun bá sọ ọ́, ojú á tì mí, mi ò ní wá mọ́. Ó ní nígbà tí Olóríkunkun wà, mi ò ráyè òun. Ìgbà tó dànù ni mo ń wá lójoojúmọ́.

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó fa ṣòkòtò ẹ̀gbọ́n mi kan yọ nínú òkìtì aṣọ, èyí tí ásíìdì ti jó lórúnkún, ó ní kí n di ẹsẹ̀ kan rẹ̀ mú. Mo dì í mú. A jọ ká a.